Bí a ṣe ń tún ètò adáṣiṣẹ́ ṣe láìda iṣẹ́ oníbàárà rú

Ẹ jẹ́ ká mú ètò kékeré kan: ó ń ka àkọsílẹ̀ ọjà tí wọ́n tà ní ìsọ̀ mẹ́ta, ọ̀kan ní Ọjà Ọba nílùú Ìlọrin, ọ̀kan ní Táíwò Ìsàlẹ̀, ìkẹta ní Ọ̀fà. Ó ń ro owó wọn pọ̀, ó sì ń fi àpapọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Alhaja tó ni ìsọ̀ nírọ̀lẹ́. Kíkọ irú ètò bẹ́ẹ̀ kò le. Àtúnṣe rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó ń dá ètò kọ sábà máa ń sáré lọ fi nǹkan tuntun kún un, bẹ́ẹ̀ ètò tó ń dá ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí ojú ẹnikẹ́ni, ohun méjì ló kọ́kọ́ yẹ ká tún ṣe lára rẹ̀: kí àṣìṣe rẹ̀ má ríbi sá pamọ́ sí, kó sì jẹ́ pé bó bá ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kò ní ba nǹkan jẹ́. Python (èdè tí a fi ń kọ ètò) lórí Linux la fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, SQLite (ibi ìkódétàsí tó wà nínú fáìlì kan) la sì ń kó détà sí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ fi Git (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà kóòdù) pa á mọ́ bó ṣe wà, pẹ̀lú gbogbo àbùkù rẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí i: `git tag v1.4.0`. Fáìlì tí ọ̀rọ̀ aṣínà àti kọ́kọ́rọ́ API (èyí tí ètò yín fi ń wọlé sí iṣẹ́ ẹlòmíràn, bíi ti SMS) wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a lọ. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú `.gitignore` ṣáájú commit (ìpamọ́ sínú Git) àkọ́kọ́. Bó bá ti wọlé, pé ẹ pa á rẹ́ lónìí kò yọ ọ́ kúrò nínú ti àná. Ẹ lọ gba kọ́kọ́rọ́ tuntun.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣa fáìlì bíi mẹ́wàá jọ nínú èyí tó ti kọjá, kí ẹ má sì ṣe ṣa àwọn tó dáa nìkan. Ẹ mú èyí tó ṣófo, ẹ mú èyí tí akọ̀wé ìsọ̀ ti kọ “ẹgbẹ̀rún méjì” síbi tó yẹ kó kọ 2000. Àwọn wọ̀nyí lẹ ó máa fi dán gbogbo àtúnṣe wò.

Ẹ jẹ́ kó máa sọ ohun tó ń ṣe

`print`, tó ń kọ ọ̀rọ̀ sójú ẹ̀rọ, kò ran ètò tí cron (ohun tó ń pe ètò lásìkò tí ẹ yàn lórí Linux) ń pè lọ́wọ́. Ìmeèlì abẹ́lé ni cron máa ń gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò ní. Ẹ lo `logging`, tó ń kọ àkọsílẹ̀ sínú fáìlì, pẹ̀lú `RotatingFileHandler`, tó ń ṣí fáìlì tuntun bí ti àtijọ́ bá kún, kí `maxBytes` jẹ́ 1000000, kí `backupCount` jẹ́ 5. Gbogbo àkọsílẹ̀ náà kò ní ju nǹkan bíi MB 6 lọ.

Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó bá ṣiṣẹ́, kó kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, iye ìlà tó kà, iye tó gbà, iye tó kọ̀ àti ìdí tó fi kọ̀ ọ́, kó wá kọ “ó parí”. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ètò tó jẹ́ pé ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ló ń pariwo, bó bá dákẹ́, ta ló fẹ́ mọ̀ bóyá àlàáfíà ni tàbí ó ti kú?

Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù. Iná lè lọ nígbàkígbà, bátìrì inverter kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Fáìlì lè dúró ní ìdajì. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ tààrà sínú `apapo.csv`. Ẹ kọ ọ́ sínú `apapo.tmp` nínú fódà kan náà, bó bá parí, ẹ pe `flush()` àti `os.fsync()` kó lè dé orí dísíìkì ní tòótọ́, kí ẹ wá pe `os.replace()`, tó ń fi í rọ́pò `apapo.csv`. Yálà ti àtijọ́ wà níbẹ̀, tàbí ti tuntun wà níbẹ̀. Kò sí ìdajì.

Èyí tó burú jù ni kí ètò jí padà kó tún ka ohun tó ti kà. Ọjà N45,000 á di N90,000, Alhaja á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó tí kò sí. Ẹ fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìdánimọ̀: `UNIQUE(iso, ojo, risiti)`, ìyẹn ni pé ìsọ̀, ọjọ́ àti nọ́ńbà rísíìtì kan náà kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Iye owó àti orúkọ ọjà kò ṣeé fi ṣe ìdánimọ̀ o, torí èèyàn méjì lè ra epo lítà márùn-ún ní iye kan náà láàárọ̀ kan náà. Tí ẹ bá ń kó ìlà sínú SQLite, ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí ẹ lo `INSERT OR IGNORE`. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Àṣẹ yẹn tún máa ń gbójú fo ìlà tó ṣófo níbi tí `NOT NULL` ní kó má ṣófo, kò sì ní sọ fún yín. `ON CONFLICT(iso, ojo, risiti) DO NOTHING` sàn jù, torí àtúnkà nìkan ló ń forí jì. Ó ti wà nínú SQLite láti ẹ̀dà 3.24 ti ọdún 2018.

Cron kì í san gbèsè: iṣẹ́ tí àkókò rẹ̀ bá kọjá nígbà tí ẹ̀rọ wà ní pípa, ó lọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ìsọ̀ ni ètò yín wà, ẹ lo systemd timer (aago míì tó ń pe ètò lórí Linux) tó ní `Persistent=true`; bí ẹ̀rọ bá ti tàn, á ṣe èyí tó fò. Ẹ sì fi `flock -n /tmp/iroyin.lock` ṣáájú àṣẹ, kí ẹ̀dà méjì má bàa máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ètò bá kú, flock á tú ara rẹ̀ sílẹ̀; fáìlì àtìpa tí ẹ fọwọ́ ara yín dá kò mọ ìyẹn ṣe, inú rẹ̀ lètò máa há sí títí ẹnì kan á fi lọ pa á rẹ́.

Aago

UTC (aago àgbáyé) ni ọ̀pọ̀ server (ẹ̀rọ orí ayélujára) ń lò. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀, aago wa kì í sì í yí padà láàárín ọdún. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, láti Ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta, `30 17 * * 1-6` lẹ ó kọ fún cron lórí irú server bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Excel àti kíbọọ̀dù ń fà

Excel máa ń jẹ òdo iwájú nọ́ńbà fóònù, 0803 á di 803. Bí pandas (àkójọ irinṣẹ́ Python fún kíka tábìlì) lẹ ń lò, ẹ fi `dtype=str` kún un kó má bàa ṣe irú rẹ̀. Bí orúkọ òpó àkọ́kọ́ bá ní àmì àjèjì níwájú, ẹ fi `encoding="utf-8-sig"` ṣí fáìlì náà.

Ti àmì ohùn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Ẹ wo orúkọ náà Àbẹ̀kẹ́. Kíbọọ̀dù kan lè kọ “ẹ” kó fi àmì òkè lé e; òmíràn á kọ “é” kó fi ẹsẹ̀ sí i nísàlẹ̀. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, Python sì máa kà wọ́n sí èèyàn méjì. Nínú ìwé gbèsè, Àbẹ̀kẹ́ á san owó síbì kan, gbèsè rẹ̀ á ṣì wà níbòmíràn. Ìlà kan ló yanjú rẹ̀: `unicodedata.normalize("NFC", oruko.strip())`. Ẹ ṣe é fún orúkọ tó ń wọlé, kí ẹ sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo èyí tó ti wà nílẹ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń jẹ owó

Ojú ìwé SMS kan gba lẹ́tà 160. Bí ẹ bá fi ẹ, ọ, ṣ, tàbí àmì ₦ ẹyọ kan ṣoṣo sí i, ó di 70; bó bá ju ojú ìwé kan lọ, 67 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà 150 tó jẹ́ ojú ìwé kan tẹ́lẹ̀ á di mẹ́ta nítorí ₦ yẹn. N lásán ni kí ẹ kọ. Ó dunni pé èdè Yorùbá tó pé ń náni lówó báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń san owó ni kí ẹ bi léèrè.

`requests`, tí Python fi ń bá iléeṣẹ́ SMS sọ̀rọ̀, kì í fúnra rẹ̀ dẹ́kun dídúró, àfi kí ẹ fún un ní `timeout=(5, 20)`. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọ̀, kó dúró ìṣẹ́jú àáyá 2, lẹ́yìn náà 4, 8, 16, kó wá jáwọ́. Kó tún gbìyànjú bí èsì bá jẹ́ 429 (ẹ ti béèrè jù) tàbí láti 500 lọ sókè (ẹ̀rọ tiwọn ló níṣòro). Bó bá jẹ́ 400 tàbí 401, nọ́ńbà tàbí kọ́kọ́rọ́ ni kò dáa, àtúnṣe ìgbà ọgọ́rùn-ún kò ní tún un ṣe. Ibi ẹlẹgẹ́ ni kí ìsopọ̀ já lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti jáde lọ́wọ́ yín: ó lè ti dé. Bí iléeṣẹ́ SMS yín bá gba nọ́ńbà ìtọ́kasí, ẹ lo nọ́ńbà kan náà fún gbogbo ìgbìyànjú. Bí wọn kò bá gbà á, ẹ má ṣe jẹ́ kó tún un fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Gbígbé e jáde

Ẹ fi `--dry-run` sí ètò náà: kó kà, kó ṣírò, kó fi ohun tí ì bá ṣe hàn, kó má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ẹ fi àwọn fáìlì mẹ́wàá yẹn dán an wò. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e fún ìsọ̀ kan ṣoṣo fún ọjọ́ mẹ́ta, kó tó kan àwọn yòókù. Àtàláátà tàbí Àlàrùbá dáa fún un. Ọjọ́ Jímọ̀ kò dáa rárá. Bí ó bá bàjẹ́ lásìkò tí gbogbo èèyàn wà ní mọ́ṣáláṣí, ta lẹ fẹ́ pè?

Nọ́ńbà ẹ̀dà tuntun rèé: bó bá jẹ́ àbùkù lẹ tún ṣe, v1.4.1, bó bá jẹ́ ohun tuntun tí kò da ti àtijọ́ rú, v1.5.0, bó bá máa yí ọ̀nà tí oníbàárà ń gbà lò ó padà, v2.0.0. Oníbàárà kò ní í ka nọ́ńbà yìí o. Ohun tó máa kà rèé: “Alhaja, ẹ kú ọjà o. Láti ọ̀la, bí ìṣirò Ọ̀fà kò bá tíì dé, ẹ ó rí ‘Ofa: ko tii de’, kò ní kọ 0 mọ́. Kò sí nǹkan kan tí ẹ máa ṣe sí i.”

Kí ẹ tó yí tábìlì détà padà, ẹ ṣe àdàkọ rẹ̀ pẹ̀lú `sqlite3 oja.db ".backup oja-v1.4.0.db"`. `cp` lásán lè dà á rú bí ètò bá ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ lọ́wọ́. Bí nǹkan bá wá yíwọ́, `git checkout v1.4.0` á dá kóòdù padà, àdàkọ yẹn á dá détà padà. Méjèèjì lẹ máa dá padà pọ̀, nítorí kóòdù àtijọ́ kò mọ tábìlì tuntun.