Kí a tó gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́nà jíjìn
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ tuntun jáde lọ́jọ́ tí a máa gun kẹ̀kẹ́ kówó àánú jọ. Ohun tí kò bá tíì mọ́ yín lára máa bó yín láwọ̀ kí ẹ tó dé ìdajì ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni kí ẹ ti máa lò ó. Ẹ yẹ bíréèkì wò, àti táyà. Wọ́n kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ sára táyà náà. Ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ní ti akoto, ẹ má fi ṣeré rárá: kó bo iwájú orí, kí okùn rẹ̀ má dẹ̀. Ẹni tó bá rí kòtò kó pariwo, torí ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní rí i.