Ilé-Ẹ̀rọ Kan fún Odindi Àdúgbò: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ètò Amúlégbóná àti Amúlétutù

Nínú ètò yìí, ilé-ẹ̀rọ kan ló ń mú omi gbóná tàbí kó mú un tutù, tó sì ń fi páìpù gbé e lọ sí gbogbo ilé àdúgbò. Bí wọ́n bá fẹ́ tún àdúgbò kan kọ́, títóbi ẹ̀rọ ló sábà máa ń gba àwọn aláṣẹ lọ́kàn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé tí omi náà ń lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò fínnífínní.

Ẹ má ṣe ro òtútù tí ilé kọ̀ọ̀kan ń lò jù lọ pọ̀, kí ẹ wá fi àròpọ̀ rẹ̀ ra ẹ̀rọ. Ọ̀sán ni ọ́fíìsì ń lo tiẹ̀ jù, ìrọ̀lẹ́ ni ti ilé gbígbé. Wọn kì í dé téńté lásìkò kan náà. Ẹ̀rọ tó tóbi ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ á máa tàn, á máa kú, èyí ló sì ń tètè ba kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jẹ́. Ẹ̀rọ mẹ́ta tó mọ níwọ̀n sàn ju gàgàrà kan lọ: bí ọ̀kan bá dákẹ́, iṣẹ́ kò ní dúró.

Àwọn ilé kì í parí lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà ẹ má to gbogbo ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀, kí ẹ sì rí i pé ilẹ̀kùn gbà á. Ti páìpù yàtọ̀ pátápátá. Èyí tó máa gba ìlò ìkẹyìn ni kí ẹ rì láti ọjọ́ kìíní, torí ta ló fẹ́ tún hú títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí?

Èyí tó ń dùn mí jù ni omi tó ń padà. Ká ní omi tútù jáde ní 6°C, tó sì yẹ kó padà ní 14°C. Bí fáàfù ẹlẹ́nu mẹ́ta tó wà nínú ilé bá ń dá omi tí kò ṣiṣẹ́ kankan padà sínú páìpù, ó lè padà ní 10°C. Ìyàtọ̀ 8 ti di 4 nìyẹn. Kí òtútù kan náà tó dé ilé, omi ìlọ́po méjì lẹ máa fà, iná tí pọ́ǹpù ń jẹ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́jọ nínú páìpù kan náà. Wọ́n á ní ẹ̀rọ kò tó, wọ́n á lọ ra òmíràn, fáàfù sì ni! Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn onílé kọ̀ọ̀kan pé fáàfù ẹlẹ́nu méjì, èyí tó ń dín omi kù dípò kó dá a padà láìṣiṣẹ́, ni kó lò, kí ẹ sì kọ bí omi rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó nígbà tó bá ń padà.

Ẹ má gbójú lé orísun ooru kan ṣoṣo. Ní Pimlico, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ooru tí ilé-iṣẹ́ mànàmáná Battersea ì bá dà nù mú ilé gbóná. Abẹ́ odò Thames ni páìpù rẹ̀ gbà kọjá. Battersea ṣíwọ́ iṣẹ́ ní 1983, síbẹ̀ ilé àwọn ará Pimlico ṣì ń gbóná, torí bọ́ílà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, ti rọ́pò rẹ̀ lórí páìpù kan náà. Ẹ fi ojú páìpù sílẹ̀ fún orísun mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì kọ́ ilé-ìtutù omi, níbi tí ẹ̀rọ ti ń da ooru rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, sí ibi tí ìrì rẹ̀ á ti máa fẹ́ wọ fèrèsé tàbí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bakitéríà Legionella lè wà nínú ìrì náà, ó sì ń pa èèyàn.