Yàrá 900 pesos tó di 2,600: bí mo ṣe lọ wo Ọjọ́ Àwọn Òkú ní Oaxaca

Yàrá tí mo ti gbà sílẹ̀ láti oṣù kẹfà ní Oaxaca, ìlú kan ní Mẹ́síkò, nítorí Ọjọ́ Àwọn Òkú, àjọ̀dún tí wọ́n fi ń ṣèrántí àwọn òkú wọn, 900 pesos, owó ibẹ̀, ni lálẹ́ kan. 2,600 ni mo padà san fún èyí tí kò tó o. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Físà ò yọ mí lẹ́nu. Houston ni mò ń gbé. Ẹni tó bá ti ní gíríìnì káàdì, Mẹ́síkò ò bèèrè físà lọ́wọ́ ẹ̀, kódà kó jẹ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló gbé dání.

Ọ̀rọ̀ yàrá ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n gbéra, onílé tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ pé páìpù omi ti bẹ́, pé òun ti fagi lé e. Mo ní kò burú, páìpù a máa bẹ́. Mo ṣí áàpù tí mo fi gbà á kí n wá òmíràn, àfi bí mo ṣe rí yàrá yẹn gan-an: aṣọ ibùsùn aláwọ̀ ewé kan náà, àwòrán ológbò kan náà lára ògiri. Ó ti di 3,100! Páìpù tó bẹ́ láàárọ̀ ti jinná kílẹ̀ tó ṣú.

Mo pe àwọn aláàpù. Ọmọbìnrin tó gbé e ní kí n má bínú, owó mi á padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Mo ní ṣé orí ìlérí ni kí n máa sùn? Ó tún ní kí n má bínú.

Mo bá lọ bẹ́ẹ̀. Ilé ìtura mọ́kànlá ni mo wọ́ àpótí kàn lórí òkúta wẹ́wẹ́. "Lleno" ni gbogbo wọn ń wí, pé ó ti kún. Ìyá àgbà kan ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára òdòdó tó ń sín bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó gbọ́ ariwo ẹsẹ̀ àpótí mi báyìí, ó ti ní lleno.

Òpópónà Mina ni mo ti rí yàrá níkẹyìn, nítòsí ibi tí ẹ̀rọ ti ń lọ kòkó pọ̀ mọ́ ṣúgà. Èmi ọmọ olóko kòkó láti Oǹdó, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa lọ̀ ọ́ lójú mi.

Alẹ́ ọjọ́ 31, mo gba ìtẹ́ òkú Xoxocotlán lọ, ìlú kan nítòsí Oaxaca. Takisí há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mo bọ́ sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn ín. Ká sòótọ́, owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lọ́kàn mi. Àbẹ́là lórí sàréè gbogbo, èéfín copal, oje igi olóòórùn dídùn tí wọ́n ń sun, àti òdòdó cempasúchil rẹpẹtẹ tí wọ́n ní òórùn rẹ̀ ló ń júwe ilé fún òkú. Àwọn ẹbí gbé àga kalẹ̀, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá kan bu ọtí mezcal, ó ta díẹ̀ sílẹ̀ lórí sàréè ìyàwó ẹ̀ kó tó gbé tèmi fún mi. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ ìyẹn fún mi. Bàbá bàbá mi ò jẹ́ mu ẹmu kílẹ̀ má kọ́kọ́ mu.

Bí mo bá tún máa lọ, yàrá méjì ni n óò gbà sílẹ̀, èyí tí mo lè fagi lé lọ́fẹ̀ẹ́, n ò sì ní fi ìkankan sílẹ̀ títí kọ́kọ́rọ́ á fi bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹ tètè jáde lọ sí ìtẹ́ òkú, ẹ sì tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò sàréè ẹni ẹlẹ́ni. Bí ẹ̀rọ ìpọwó bá ní kí òun bá yín ṣẹ́ ẹ sí dọ́là, ẹ ní rárá. Ti báǹkì yín ló máa ń sàn jù.

Owó mi padà wọlé lọ́jọ́ 19 oṣù kọkànlá. Mo fẹ́ fún onílé yẹn ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo, áàpù ní mi ò lè sọ nǹkan kan nípa yàrá tí mi ò sùn sí.