Bírò ni kó o mú: bó o ṣe lè dúró níbi iṣẹ́ tàbí kúrò níbẹ̀ ní Àkúrẹ́ láì ba orúkọ ẹ jẹ́

Àkúrẹ́ kì í ṣe Èkó o. L'Ékòó, èèyàn lè bá ọ̀gá ẹ̀ jà lọ́jọ́ Mọ́ńdè kó má rí i sójú mọ́ láyé. Níbí, ọ̀gá tó o gbá ilẹ̀kùn mọ́ lójú ní Alágbàká, ẹ máa pàdé nídìí ẹlẹ́ran l'Ọ́jà Ọba lọ́jọ́ Sátidé, tó bá sì di ìntáfíù tó ń bọ̀, àbúrò ìyàwó ẹ̀ lo máa bá lórí àga. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fáwọn àbúrò mi pé tí nǹkan bá dà rú níbi iṣẹ́, kí wọ́n pa ẹnu mọ́ ná, kí wọ́n mú bírò.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ṣọ́téèjì, torí òun ló ń pa wá lẹ́kún jù. Tó o bá ń ṣiṣẹ́ nílé epo, ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ní fámásì, àbí o ń jókòó ti PoS fún ẹlòmíì, o mọ̀ ọ́n: ilẹ̀ á ṣú, wọ́n á ka owó, owó ò ní pé, ọ̀gá á ní "a máa yọ ọ́ nínú sàlárì ẹ". Èmi náà, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, ṣọ́ọ̀bù kan yọ 18,500 náírà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní mo gbà pé kọ́sítọ́mà ti ṣe tíráńsífà nígbà tówó ò tíì wọlé. Mo sunkún, mo bú ọ̀gá mi níṣojú kọ́sítọ́mà, mo gbé báàgì mi mo jáde. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo ti ṣe nínú oṣù yẹn, mi ò rí kọ́bọ̀ gbà nínú ẹ̀ dòní.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala 5, sọ pé agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Tówó bá dín, tó sì jẹ́ pé ìwọ lo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é àbí àìbìkítà ẹ ló fà á, wọ́n lè yọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ ọ́físà ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i lórí ìwé kí wọ́n tó yọ ọ́, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù ẹ lọ. Àwa kéékèèké bíi kíláàkì àti ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ ni òfin yẹn wà fún o, kì í ṣe máníjà. Tó o bá jẹ́ máníjà, lọ ka ìwé tó o sáìnì.

Má wá lọ máa ka abala 5 sí ọ̀gá létí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, á ní o ti di lọ́yà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó o ra ìwé kékeré kan, lálálẹ́ kó o kọ iye tó o fà kalẹ̀, aago tó o fà á kalẹ̀, ẹni tó gbà á, kẹ́ni náà sáìnì, kó o fi fóònù yà á. Lọ́jọ́ tí owó ò bá pé, fi WhatsApp ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, má jẹ́ kílẹ̀ mọ́ bá a, kó o kọ ọ́ báyìí: "Ẹ káalẹ́ sà. Owó tí mo fà kalẹ̀ láago mẹ́jọ jẹ́ 142,300, ẹ̀gbọ́n tó gbà á ti sáìnì. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè jọ wo sítétímẹ́ǹtì ákáǹtì lọ́la kẹ́ ẹ tó yọ nǹkan kan?" Kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ àṣejù. Ọ̀gá tó bá rí i pé o ń kọ nǹkan sílẹ̀, ó dá mi lójú pé ohùn ẹ̀ máa rọ̀.

Ti sátífíkéètì ńkọ́? Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan àti ilé ìwé aládàáni kan á ní kó o mú ojúlówó wá kí wọ́n bá ẹ tọ́jú ẹ̀. Fi hàn wọ́n, fún wọn ní fọ́tókọ́pì, gba tìẹ padà. Ibi tó bá ń ti sátífíkéètì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ti mọ̀ pé àwọn èèyàn ń fẹ́ sá kúrò níbẹ̀.

Tọ́gàá ẹ bá wá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mọ́mì ẹ, àbí ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, wàhálà míì nìyẹn. Tó o bá ti ń pe èèyàn ní Mọ́mì níbi iṣẹ́, á máa rán ẹ níṣẹ́ ọmọ: lọ bá mi ra elùbọ́ wá, lọ mú àwọn àbúrò ẹ wá látilé ìwé. Má sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà ẹ́ fún nìyẹn, wọ́n á ní o ò lẹ́kọ̀ọ́. Bi wọ́n ni: "Mọ́mì, ṣé kí n kọ́kọ́ parí ti kọ́sítọ́mà yìí ni àbí kí n fi í sílẹ̀ lọ mú wọn?" Jẹ́ káwọn fúnra wọn mú ọ̀kan. Èmi bi wọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìkẹrin wọ́n pe ọlọ́kadà.

Wàyí o, ẹnì kan pè ẹ́ pé iṣẹ́ wà l'Ékòó. Ká ní 90,000 lò ń gbà ní Àkúrẹ́, o ń gbélé bàbá ẹ ní Òkè-Àró, wọ́n wá ní àwọn máa san 160,000. Orí èèyàn á wú! Jókòó, mú bírò. Tílé bá jẹ́ 500,000 lọ́dún, ó ti lé ní 41,000 lóṣù, tówó ọkọ̀ bá jẹ́ 2,500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 22, 55,000 nìyẹn, ó ku bíi 63,000 kó o tó fẹnu kan oúnjẹ. Ní Àkúrẹ́, tówó ọkọ̀ bá jẹ́ 800, ohun tó máa ṣẹ́ kù sí ẹ lọ́wọ́ lé ní 72,000, ìyá ẹ ṣì ń gúnyán. Àmọ́ má fowó nìkan díwọ̀n ẹ̀ o. Mo fi ìṣirò yìí dá àbúrò mi kan dúró nígbà kan, kò gbọ́, ó lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sanwó ìdánwò ICAN, tàwọn akáǹtáǹtì, fún un, mo ti gbà pé èmi ni mo ṣìnà. Torí náà bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa kọ́ ẹ, bi wọ́n nípa pẹ́ńṣàn pẹ̀lú: ilé iṣẹ́ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ 15 sókè, òfin ọdún 2014 ní kí wọ́n máa dá 10% sí i fún ẹ, kíwọ náà dá 8%.

Tó o bá ti pinnu pé o ń lọ, má ṣe bíi tèmi. Tí ìwé tó o sáìnì ò bá ti sọ iye ọjọ́ tó o gbọ́dọ̀ fún wọn, Labour Act yẹn ní ọjọ́ kan péré ni bó ò bá tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan bó ò bá tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì bó ò bá tíì pé márùn-ún, látọdún márùn-ún sókè oṣù kan. Láti ọ̀sẹ̀ kan sókè, lórí ìwé ni, kì í ṣe fóònù. Kọ lẹ́tà náà ní ìlà mẹ́rin, má to ẹ̀sùn kankan síbẹ̀, fa kọ́kọ́rọ́ àti ọjà kalẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí, kó o rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí kọ́pì tìẹ.

Èmi ò kọ lẹ́tà kankan. Ọdún méjì lẹ́yìn tí mo bú ọ̀gá yẹn, ilé iṣẹ́ gidi kan gbà mí, wọ́n ní kí n lọ mú lẹ́tà wá láti ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Mo lọ. Mo bá ọ̀gá mi àtijọ́, wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi jókòó.