Bí mo ṣe ṣe síìtì ẹ́ńjìnnì fún Hilux àtijọ́ tó gba 3RZ

Síìtì ni irin àti rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé lára ṣasí. Hilux tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí ni ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì Toyota 22R ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Àpò níhìn-ín l'Abuja ni mo sì ti ṣiṣẹ́ náà. Mo ra 3RZ, ẹ́ńjìnnì Toyota mìíràn, ní tòkunbọ̀ tòun ti gíàbọ́ọ̀sì rẹ̀, torí gíà 22R kì í wọ̀ ọ́ bí a kò bá wá ilé kìlọ́ọ̀ṣì mìíràn fún un. 22R jẹ́ 2,366 cc, 3RZ jẹ́ 2,693 cc, sìlíńdà mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn ló sì wà nínú àwọn méjèèjì. Èyí ló ń mú kí àwọn kan rò pé ojú kan náà ni wọ́n máa jókòó sí. Irọ́ ni. Etí síìtì ara búlọ́ọ̀kù wọn kò dọ́gba.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni kí wọ́n fi síìtì ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ lára ṣasí, kí wọ́n wá máa fi ọ̀pá irin fa ẹ́ńjìnnì títí bóòtù á fi wọlé. Rọ́bà tí wọ́n fi tipá fà báyìí ti ń ya látọjọ́ àkọ́kọ́. Kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ dúró síbi tó yẹ ẹ́, kí síìtì wá bá a níbẹ̀.

Nítorí náà, kí n tó tú 22R rárá, mo wọn nǹkan mẹ́ta sílẹ̀, mo sì kọ wọ́n sára bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Àkọ́kọ́ ni bí pọ́lè iwájú ṣe jìnnà sí ṣasí lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ má ṣe rò pé àárín gbùngbùn ló wà, ẹ wọ̀n ọ́n. Èkejì ni àyè tó wà láàárín fáànù àti rédíétọ̀. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: bí ojú tí pùròpélà (ọ̀pá tó ń gbé agbára láti gíà lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀) ti so mọ́ gíà ṣe tẹ̀, àti bí ojú ti ẹ̀yìn, níbi dífù, ṣe tẹ̀. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni mo ti wọ̀n ọ́n, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà nílẹ̀. Gíà tẹ̀ sísàlẹ̀ ní dígírì 3, dífù kọjú sókè ní dígírì 3. Ó yẹ kí méjèèjì bára dọ́gba, kí ìyàtọ̀ wọn má ju dígírì 1 lọ, torí pùròpélà ọkọ̀ yìí jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo. Bí wọn kò bá dọ́gba, jọ́íǹtì méjèèjì tó wà lórí àti nídìí pùròpélà kò ní pa gbígbọ̀n ara wọn, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n bó bá ti ń sáré.

Mo gé síìtì àtijọ́ kúrò lára ṣasí, mo fi gírándà fọ ojú ibẹ̀ títí irin fi ń dán. Mo so ẹ́ńjìnnì àti gíà pọ̀ kí n tó fi ṣéènì búlọ́ọ̀kù sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Igi fífẹ̀ ni mo tẹ́ sórí jáàkì kó tó kan sọ́ọ̀ǹpù (àwo ọ́ílì abẹ́ ẹ́ńjìnnì), torí orí jáàkì lásán á tẹ sọ́ọ̀ǹpù wọnú, á sì dí ẹnu ibi tí ọ́ílì ti ń fà. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń sún un díẹ̀díẹ̀: sọ́ọ̀ǹpù fi mìlímítà 20 jìnnà sí irin ìdábùú, fáànù fi 30 jìnnà sí rédíétọ̀, ẹ̀yìn orí ẹ́ńjìnnì kò kan ògiri iwájú, gíà ṣì tẹ̀ ní dígírì 3. Irin ìdábùú tó gbé gíà ni mo kọ́kọ́ lu ihò tuntun fún.

Síìtì mẹ́ta ni mo rà, méjì fún ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún gíà. Ẹ wo ibi tí rọ́bà ti lẹ̀ mọ́ irin: bí èékánná bá lè wọ àárín wọn, ẹ dá a padà fún olùtajà. Àwọn kan máa ń gé táyà ògbólógbòó dí síìtì tó ti kú. Táyà yẹn le, ó sì ní wáyà nínú, kò ní gba gbígbọ̀n kankan mọ́ra, gbogbo rẹ̀ á sì wọ inú ṣasí lọ.

Páálí ni mo fi gé àwòrán apá síìtì kí n tó gé irin, ó sì gbà mí lákòókò ju jíjó lọ. Irin onímìlímítà 6 ni mo lò, mo fi irin onígun mẹ́ta ti abẹ́ rẹ̀ kó má baà tẹ̀. Ihò bóòtù ni mo lu gbọọrọ, mìlímítà 12 ní fífẹ̀, 20 ní gígùn, kí àyè lè wà láti sún un. Mo fi iná kan án níbi mẹ́rin péré, mo tún gbogbo ìwọ̀n wò, mo wá gbé ẹ́ńjìnnì jáde, mo sì yọ rọ́bà kúrò kí n tó jó o tán. Ooru ìjórin á tú rọ́bà kúrò lára irin, ojú kò sì ní rí i.

Ẹ yọ bátìrì kúrò kí ẹ tó jórin, kí ẹ tún tú wáyà alternator, kí ẹ sì bo páìpù epo. Electrode (ọ̀pá ìjórin) E7018 onímìlímítà 3.2 ni mo lò, iná rẹ̀ tó 115 ampere. Bí ajórin púpọ̀ bá ń pín jẹnẹrétọ̀ kan, iná á máa lọ sílẹ̀, irin á kàn lẹ̀ lójú lásán láìwọra. Mo dúró títí àwọn yòókù fi parí tiwọn. Jíjó kúkúrú tó tó mìlímítà 30 ni mo ń ṣe, lápá kan, lẹ́yìn náà lápá kejì, kí ṣasí má baà lọ́.

Nígbà tí a gbé e padà, ìka lásán ni mo fi yí bóòtù. Mo yọ jáàkì, mo jẹ́ kí ìwúwo ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀ sórí rọ́bà, mo mì í lọ́tùn-ún lósì, kí n tó fún wọn: bóòtù M10 (onímìlímítà 10) sí bíi 45 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtù), M12 sí bíi 80, bóòtù tí ìwọ̀n líle rẹ̀ jẹ́ 8.8 ni gbogbo wọn. Níbi tí sàlẹ́ńsà ti sún mọ́ rọ́bà, mo fi páànù dá ooru rẹ̀ dúró, mo fi àyè mìlímítà 15 sílẹ̀ láàárín.

Ẹ má gbàgbé wáyà áàsì láti búlọ́ọ̀kù sí ṣasí. Rọ́bà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Bí wáyà yìí kò bá sí, iná sítátà á gba ara okùn tọ́tù, ìyẹn okùn tó so mọ́ ibi tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, kọjá, á jó o.

3RZ ní ọ̀pá tó ń pa gbígbọ̀n nínú búlọ́ọ̀kù rẹ̀, nítorí náà bó bá ń gbọ̀n nígbà tó dúró, ẹ wá ibi tí irin ti kan irin. Tèmi kan níbi kan, páìpù sàlẹ́ńsà lára irin ìdábùú. Mo tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀, ó dákẹ́. Lẹ́yìn 500 kìlómítà ni mo tún fi spánà kan gbogbo bóòtù, méjì lápá sàlẹ́ńsà sì gba ìyí díẹ̀ sí i.