Bí A Ṣe Ń Ka Àkọsílẹ̀ Àwọn Tí Ogun Àgbélébùú Ṣojú Wọn

Ìròyìn kò tó àfojúbà, òótọ́ ni. Àmọ́ nínú àkọsílẹ̀ Ogun Àgbélébùú, ìyẹn ogun tí àwọn Kristẹni ilẹ̀ Yúróòpù gbé lọ láti gba Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, àfojúbà àti ìròyìn máa ń jókòó sójú ewé kan náà, ẹnì kan náà ló sì kọ méjèèjì. Ọwọ́ òǹkàwé ló wà láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ pín ojú ìwé kan sí ọ̀nà mẹ́rin: ibi tí òǹkọ̀wé wà lọ́jọ́ náà gan-an, ọdún tó kọ ọ́, ọ̀gá tó ń sìn, àti ìwé ẹlòmíràn tó ti kà kó tó kọ tirẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ṣe é fún, kì í ṣe odindi ìwé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á gbọ́ pé ọkùnrin kan bá ogun lọ, wọ́n á sì gbà pé gbogbo ogun náà ló ṣojú rẹ̀.

Ẹ wo Fulcher ará Chartres, ọ̀kan lára àwọn tó kọ ìtàn ogun náà. Ó bá àwọn ọmọ ogun kúrò ní Faransé lọ́dún 1096, ṣùgbọ́n lọ́dún 1097 ó di àlùfáà Baldwin ará Boulogne, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ogun náà, ó sì tẹ̀ lé e lọ sí Edessa, ìlú mìíràn. Àwọn yòókù ló dó ti Áńtíókù, àwọn náà ló gba Jerúsálẹ́mù ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1099. Ìgbà Kérésìmesì ọdún yẹn ni Fulcher tó fojú kan ìlú náà. Nígbà tó wá kọ ọ́ pé òkú ṣì ń rùn nínú odi àti lẹ́yìn odi, imú òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́ òórùn yẹn: ẹ kọ "àfojúbà" sí i. Nígbà tó ní wọ́n bẹ́ orí èèyàn tó tó 10,000 ní ibi tí wọ́n ń pè ní tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì, ìyẹn mọ́sálásí al-Aqsa, wọ́n sọ fún un ni: ẹ kọ "ìròyìn".

Ti Raymond ará Aguilers, òǹkọ̀wé mìíràn, yàtọ̀. Òun wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ó ní àwọn ọmọ ogun gun ẹṣin kọjá nínú ẹ̀jẹ̀ tó mu wọ́n dé orúnkún, tó sì ga dé ìjánu ẹṣin. Ẹ ṣí Bíbélì sí Ìfihàn 14:20, ẹ ó bá ìjánu yẹn níbẹ̀. Àlùfáà ni, Ìwé Mímọ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, tó kọ Gesta Francorum, ìwé Látìnì kan lórí ogun náà, ní kókósẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà mọ. Èyí kò sọ ìpakúpa náà di irọ́, nítorí Kristẹni, Mùsùlùmí àti Júù ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó sọ fún wa ni pé gbólóhùn Raymond kì í ṣe ìwọ̀n. Torí náà, ẹ jẹ́ kí Bíbélì wà nítòsí, pàápàá Sáàmù àti Ìfihàn.

Iye òkú ló ń tan èèyàn jù. Òpìtàn Mùsùlùmí kan, Ibn al-Athir, kọ ọ́ pé ó lé ní 70,000 ní al-Aqsa, ṣùgbọ́n ọdún 1160 ni wọ́n bí i. Ibn al-Arabi, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí tó ti gbé Jerúsálẹ́mù ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ogun, sọ pé 3,000. Ẹ má ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ wá pín in. Iye tó bá jáde kò ní jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹ wá ìwé tí kò ní ìtàn í sọ dípò rẹ̀. Lọ́dún 1100, àwọn àgbààgbà Júù tó wà ní Áṣíkélónì kọ lẹ́tà sí Íjíbítì láti tọrọ owó tí wọ́n fi máa ra àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ní Jerúsálẹ́mù padà. Owó ni wọ́n ń wá, àmọ́ lẹ́tà yẹn jẹ́ kó dá wa lójú pé kì í ṣe gbogbo ará ìlú ni wọ́n pa.

Àǹfààní mìíràn tí lẹ́tà ní ni pé ẹni tó ń kọ ọ́ kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Láti Nicaea lọ́dún 1097, Stephen ará Blois, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ogun náà, kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló kù káwọn dé Jerúsálẹ́mù, àfi tí Áńtíókù bá dènà. Ọdún méjì ló gbà, Stephen sì ti sá kúrò ní Áńtíókù kó tó dìgbà yẹn. Ẹni tó ń kọ̀tàn lẹ́yìn ìṣẹ́gun kò ní fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ fa ọ̀rọ̀ ìwàásù Póòpù Urban kejì ní Clermont, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1095, yọ bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ gan-an la ti gbọ́ ọ: àwọn tó gbé e kalẹ̀ fún wa kọ ọ́ lẹ́yìn tí Jerúsálẹ́mù ti bọ́ sọ́wọ́ wọn, ohun tí wọ́n kọ kò sì bára mu.

Ẹ má sì ka ẹni kan sí mẹ́rin. Òǹkọ̀wé mẹ́ta, Robert, Baldric àti Guibert, gbé Gesta Francorum síwájú, wọ́n sì tún Látìnì rẹ̀ ṣe. Ẹ tẹ́ ojú ewé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ń tò lé ara bákan náà, tí àṣìṣe kan náà sì wà nínú méjèèjì, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo lẹ ní.

Tó bá di ìwé Lárúbáwá, ẹ ṣọ́ra fún ọdún. Ọdún 492 ti Hijira, ìyẹn kàlẹ́ńdà àwọn Mùsùlùmí, ni wọ́n kọ fún ìṣubú Jerúsálẹ́mù. Bí ẹ bá kàn fi 622 kún un, 1114 ló máa jáde, ẹ sì ti fi ọdún 15 ṣìnà, torí pé ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti oòrùn. Ẹ fi 0.97 sọ 492 di púpọ̀ ná, yóò fún yín ní nǹkan bí 477. Ẹ wá fi 622 kún ìyẹn, 1099 dé. Ó lè fi ọdún kan yẹ̀ nígbà míì, torí náà ẹ wo oṣù àti ọjọ́ tí òǹkọ̀wé dárúkọ pẹ̀lú.