Bí mo ṣe wá àwọn ẹgbẹ́ olórin prog káàkiri ayé láti Kétu

Bí a bá ní kí olólùfẹ́ progressive rock, tí a ń gé kúrú sí prog, dárúkọ ẹgbẹ́ olórin, Pink Floyd, Genesis, Yes àti King Crimson ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jáde, láàárín ọdún 1965 sí 1968. Mo gbọ́ wọn, mo fẹ́ràn wọn, mi ò sì ní bá ẹni tó bá dúró sọ́dọ̀ wọn jà. Ṣùgbọ́n orin yìí kò bá àkókò àwọn bàbá wọ̀nyẹn lọ. Ó ṣì ń bí ọmọ ní Jakarta, ní Seoul, ní Tùníṣíà, ní àwọn ìlú kéékèèké ilẹ̀ Nọ́wè. Àwọn ọmọ náà ni mo ń wá láti Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin, lórí fóònù mi àti kọ̀ǹpútà tí mo máa ń yá. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe wá wọn àti ohun tí mo bá pàdé.

Fún ẹni tí kò mọ orin náà: rọ́ọ̀kì ni, gìtá, ìlù, dùùrù. Ṣùgbọ́n orin kan lè gùn tó ogún ìṣẹ́jú, ìlù rẹ̀ lè yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó parí, ó sì lè máa ka méje níbi tí orin ijó lásán ti ń ka mẹ́rin. Àwọn kan ní orin náà le gbọ́. Mi ò gbà fún wọn, pàápàá nílùú tiwa. Ẹni tó ti dúró wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, tó ti rí bí ẹsẹ̀ oníjó àti ẹnu ìyá ìlù ṣe ń parí gbólóhùn lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí omele ń bá tirẹ̀ lọ lábẹ́, etí rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tó ju kíka méje lọ. Ẹni tó ti jókòó gbọ́ Ẹ̀fẹ̀ láti òru, ogún ìṣẹ́jú kò lè dẹ́rù bà á.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ti pinnu pé mi ò wá ẹgbẹ́ tó ń dún bíi Genesis. Irú wọn pọ̀ ní gbogbo ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì mọ iṣẹ́ dáadáa, àmọ́ bí o bá di ojú, o kò ní mọ̀ bóyá Ítálì ni wọ́n wà tàbí Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ tí mo ń wá ni èyí tí mo lè gbọ́ ìlú rẹ̀ nínú orin rẹ̀, yálà nínú èdè, nínú ohun èlò, tàbí nínú bí wọ́n ṣe ń lu ìlù.

Bí a bá kàn tẹ «progressive rock» sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn olókìkí yẹn náà ni yóò tún jáde. Ọ̀nà tó là fún mi ni pé kí n fi olórin sílẹ̀ ná, kí n wá ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde. Ilé-iṣẹ́ kékeré sábà máa ń jẹ́ ti ẹnì kan tàbí ẹni méjì tí ìfẹ́ orin ń ti síwájú, tí ẹ bá sì ti fẹ́ràn àwo kan lọ́dọ̀ wọn, ó dájú pé ẹ ó rí òmíràn. Lórí Bandcamp, níbi tí àwọn olórin ti ń ta iṣẹ́ wọn fúnra wọn láti ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀ tí gbogbo àwo rẹ̀ tò sí. Ọ̀pọ̀ àwo ló ṣeé gbọ́ látòkèdélẹ̀ kí èèyàn tó rà á. Bí mo bá gbọ́ èyí tó wù mí, mo máa ń ka orúkọ gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ sí i: onílù, onígìtá, ẹni tó gba ohùn sílẹ̀, àlejò tó fun fèrè nínú orin kan péré. Lẹ́yìn náà mo máa ń wá ibòmíràn tí orúkọ yẹn tún ti yọ.

Báyìí ni MoonJune, ilé-iṣẹ́ tí Leonardo Pavkovic dá sílẹ̀ ní New York, ṣe ṣí Indonéṣíà fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí simakDialog, ẹgbẹ́ tí Riza Arshad dá sílẹ̀ ní Jakarta lọ́dún 1993. Òun ló ń tẹ Fender Rhodes, dùùrù oníná tí ohùn rẹ̀ tutù. Tohpati ló ń ta gìtá. Nínú àwo wọn Demi Masa ti ọdún 2009 àti The 6th Story ti ọdún 2013, ẹ kò ní gbọ́ àgbékalẹ̀ ìlù òyìnbó tí gbogbo ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ń lò. Kendang ló wà níbẹ̀, ìlù olójú méjì ti àwọn ará Sunda ní Indonéṣíà, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń lù ú. Àwọn onílù jókòó sílẹ̀, gìtá oníná ń sáré lórí wọn, dùùrù sì ń wọlé ó ń jáde láàárín.

Mo tan án fún ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa tó ń lu ìyá ìlù. Mo ní, «Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí.» Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí pé, «Èwo ni ìyá ìlù nínú wọn?»

Mo ní mi ò rò pé wọ́n pín in bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún.

«Wọ́n pín in. Tún un gbọ́. Ọ̀kan ń bèèrè, èkejì ń dáhùn. Ẹni tó ń ta gìtá yẹn gan-an, ẹnu onílù ló ń wò.»

Mo tún un gbọ́, òótọ́ ni. Látìgbà náà, onílù ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ nínú orin tuntun èyíkéyìí, gìtá á tẹ̀ lé e. Riza Arshad ti kú ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2017, kí n tó mọ̀ ọ́n, ó sì dùn mí gidi. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbé mi lọ síwájú: mo rí ẹgbẹ́ Ethnomission tí Tohpati dá sílẹ̀, mo rí onígìtá Dewa Budjana, mo rí ẹgbẹ́ Ligro, gbogbo wọn láti orílẹ̀-èdè kan náà, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà.

Ẹgbẹ́ tí mo dúró tì pẹ́ jù ni Lazuli, láti agbègbè Gard ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọrin, nítorí náà àwa tí a fi Faransé kàwé ní Benin lè gbọ́ wọn yé láìsí ògbufọ̀. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọ̀pọ̀ orin prog ni mo ti gbọ́ tí ìlù rẹ̀ wọ̀ mí lára ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá lórí mi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orin tí a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, lójú tèmi, ìdajì rẹ̀ la gbọ́.

Dominique Leonetti ló ń kọrin níbẹ̀. Claude, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ni ìjàǹbá alùpùpù gba agbára ọwọ́ òsì rẹ̀. Kò fi orin sílẹ̀. Ó ronú ohun èlò tuntun kan tí ọwọ́ kan ṣoṣo lè lò, ó sì sọ ọ́ ní Léode. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ti gìtá, kì í ṣe ti violin. Ó wà láàárín méjèèjì, ó máa ń fà gùn, ó sì máa ń gun òkè níbi tí ẹ ò retí. Ẹni tí kò mọ ìtàn náà yóò kàn rò pé ohun èlò tuntun kan ni wọ́n rà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó gbọ́ ọ, nítorí pé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ gbogbo orin wọn lọ́tọ̀.

Wọ́n ní apá kan nínú eré wọn tí mo ń wò léraléra lórí YouTube. Bí eré bá fẹ́ parí, gbogbo wọn á pagbo yí marimba kan ká, ohun èlò onígi tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù, wọ́n á sì jọ máa lù ú. Ènìyàn márùn-ún, ọwọ́ mẹ́sàn-án. Ohun tí wọ́n pe apá eré náà gan-an nìyẹn, ọwọ́ mẹ́sàn-án yí marimba ká. Wọn kò fi ọwọ́ tí kò sí pa mọ́, wọ́n kà á síta níwájú gbogbo ènìyàn. Nínú àwọn àwo wọn, Tant que l'herbe est grasse ti ọdún 2014 ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹni tó bá gbọ́ Faransé yóò ti mọ Magma, ẹgbẹ́ tí Christian Vander dá sílẹ̀ lọ́dún 1969, tó sì dá èdè kan sílẹ̀ fún orin wọn. Ọ̀nà yẹn gbé mi dé Jàpáànù, sọ́dọ̀ Koenjihyakkei, tí onílù Tatsuya Yoshida dá sílẹ̀ lọ́dún 1991. Àwọn náà ń kọrin ní èdè tí kò sí. Eré wọn yá púpọ̀, ó sì le. Mo bọ̀wọ̀ fún un ju bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Ní Nọ́wè, ilé-iṣẹ́ Karisma tó wà ní Bergen ni mo tẹ̀ lé. Jordsjø ń kọrin ní èdè ilẹ̀ wọn, ó sì bá ohun tí mo ń wá mu. Ṣùgbọ́n Wobbler, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Hønefoss lọ́dún 1999, kò bá a mu rárá: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ, ohun èlò àtijọ́ ni wọ́n sì ń lò. Mo gbà wọ́n wọlé síbẹ̀ nítorí Mellotron tí Lars Fredrik Frøislie ń tẹ̀. Ọdún 1963 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun èlò yìí ní Birmingham: abẹ́ ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni téèpù kan wà tí wọ́n ti gba ohùn fèrè tàbí violin sí, téèpù náà yóò sì tán láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ. Olùtẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ kó tó tán, nítorí náà orin náà ń mí. Ẹ gbọ́ orin tó ṣíwájú nínú From Silence to Somewhere ti ọdún 2017, tó ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ẹ ó mọ ohun tí mo ń sọ.

Jambinai ti Seoul ni àwọn kan kì í kà mọ́ prog, èmi kà wọ́n mọ́ ọn. Haegeum wà lọ́wọ́ wọn, ohun èlò olókùn méjì tí wọ́n ń fà bíi gòjé, àti geomungo olókùn mẹ́fà, wọ́n sì fi gìtá tó ń bú ramúramù tì wọ́n. Wọ́n ṣeré níbi àṣeparí Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní PyeongChang lọ́dún 2018. Àwo ONDA, ọdún 2019, ni kí ẹ wá.

Mo wá Áfíríkà náà. Myrath ti Tùníṣíà, láti ọdún 2001, ń da orin Lárúbáwá pọ̀ mọ́ gìtá tó wúwo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí Tales of the Sands. BLK JKS ti Johannesburg gbé After Robots jáde lọ́dún 2009, àwo tí kò jókòó síbì kan, mo sì gbà pé ó yẹ kí òkìkí rẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Nítòsí wa, Orchestre Poly-Rythmo ti Kùtọnu, láti ọdún 1968, àti Blo ti Èkó, tí àwo wọn Chapter One jáde lọ́dún 1973, kò pe ara wọn ní prog. Síbẹ̀, ẹ tẹ́tí sí ibi tí dùùrù àti gìtá wọn ń gbé ìlù gbà, ẹ ó rí i pé ìbátan ni wọ́n.

Nípa owó dátà: orin MP3 tó dára jù, ti 320 kbps, ń gba nǹkan bíi MB 2.4 fún ìṣẹ́jú kan, nítorí náà orin ogún ìṣẹ́jú jẹ́ bíi MB 48. Ó sàn kí a gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ju ká máa wo fídíò rẹ̀ lójoojúmọ́ lọ. Òru ni mo máa ń gbà á. FLAC, irú fáìlì tí kì í gé ohunkóhun kúrò nínú ohùn orin, dára jù ú lọ ṣùgbọ́n ó wúwo gan-an, mo fi í sílẹ̀ fún àwo tí mo fẹ́ràn jù. PayPal tàbí káàdì ilé ìfowópamọ́ ni Bandcamp ń gbà. Káàdì tí a ń rọ owó sí ṣáájú ni mo lò. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń ya àwọn ọjọ́ Jímọ̀ kan sọ́tọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà kì í mú ìpín tirẹ̀, ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń dúró dè kí owó mi lè dé ọwọ́ olórin.

Fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Lazuli ni kó kọ́kọ́ gbọ́, kó gbọ́ àwo kan tán láìfo orin kankan. Bí ìlù kan bá ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kó fi ọwọ́ kà á ní kékeré: méjì, méjì, mẹ́ta, ìyẹn méje. Lẹ́yìn náà kó lọ sí simakDialog.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni mo wà báyìí nínú ìwákiri mi. Aisles ti Santiago ní Chile ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àwo 4:45 AM ti ọdún 2013. Ṣùgbọ́n Bahia ní Brazil ni mo fẹ́ dé, níbi tí àwọn ọmọ Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Brazil, tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, Ketu, ti ń lu rum, rumpi àti lé fún òrìṣà. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ẹgbẹ́ tó ti gbé ìlù mẹ́ta yìí wọ inú prog, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ wọn fún mi.